Ẹyẹ Òkèèrè, Ẹyẹ Ilé: Àríwísí lórí Ẹ̀kọ́ Ìgbésí-Ayé Ẹyẹ ní Ilé-Ìwé Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju bí a ṣe ń fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nípa ìgbésí-ayé ẹyẹ, láti inú ẹyin títí di ìgbà tí ọmọ ẹyẹ yóò fò kúrò nínú ìtẹ́. Nínú ìwé àti àwòrán ara ògiri tí ó ń ti Amẹ́ríkà wá, hummingbird ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan ti sọ ọ́ ní akùnyùnmù ní èdè wa, nítorí ìró tí apá rẹ̀ máa ń mú jáde bí ó bá ń fò lójú kan níwájú òdòdó. A kò bá orúkọ náà jà. Ó bá ìlànà ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá mu, etí sì gbà á. Ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ó ń jẹ́ orúkọ náà kò sí ní ilẹ̀ Áfíríkà rárá. Irú rẹ̀ lé ní 300, ilẹ̀ Amẹ́ríkà sì ni gbogbo wọn wà, láti Alaska títí dé ìpẹ̀kun gúúsù. Ọmọ Bódìjà tàbí ti Challenge lè dàgbà di arúgbó kí ó má fojú kàn án.

Ẹnìkan lè ní ọ̀rọ̀ olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni èyí, pé kò kan olùkọ́ Yorùbá. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ kò bá rí ohun tí wọ́n ń sọ, gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò máa tú ní ẹyọ-ẹyọ. Ibẹ̀ ni irú gbólóhùn bí 'ìyá ẹyẹ jókòó sórí ẹyin, ẹyin fọ́, ọmọ sì jáde' ti ń wá. Kò sí ìyá àgbà tí ó ń sin adìẹ tí yóò sọ bẹ́ẹ̀. Adìẹ a máa yé ẹyin, a máa sàba, ẹyin a sì pa. Ẹyin tí ó bá fọ́ ti ṣòfò. Èyí tí kò bá pa ti dọ̀bu. Ìyá a máa ràdọ̀ bo àwọn ọmọ títí wọn yóò fi hu ìyẹ́. (Àní 'àyípo ìgbésí-ayé' gan-an ń kọ wá lóminú: ọmọ ẹyẹ kì í yí padà di ẹyin, ẹyin mìíràn ni yóò yé.) Iṣẹ́ ńlá ni Èdè-Ìperí Yorùbá tí Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 ṣe fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀, ní ti ẹyin àti ìtẹ́, ọ̀rọ̀ ti wà lẹ́nu àwọn ènìyàn tẹ́lẹ̀.

Àwọn olùkọ́ kan ti rí ìṣòro yìí, wọ́n sì ti fi ẹyẹ ilé rọ́pò. Èyí tí wọ́n mú ni ẹyẹ wínníwínní ẹlẹ́nu gígùn tí ara akọ rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, tí ìwé Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní sunbird, tí ó máa ń fa omi dídùn inú òdòdó ọgbà àti ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe dára dé ààbọ̀. Orúkọ akùnyùnmù ni wọ́n gbé fún un, wọ́n sì fi ìtàn ti Amẹ́ríkà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Àwọn méjèèjì kì í ṣe ìbátan. Oúnjẹ kan náà ni ó mú wọn jọra. Akùnyùnmù a máa kọ́ ìtẹ́ bí ife kékeré sórí ẹ̀ka. Ìyá nìkan ni ó ń kọ́ ọ, òun nìkan ni ó ń sàba ẹyin méjì fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, òun nìkan ni ó sì ń bọ́ ọmọ. Ẹyẹ tiwa ń so ìtẹ́ tirẹ̀ rọ̀ bí àpò, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá ni ó ń sàba, baba a máa bá a bọ́ ọmọ. Bí ìlànà máàkì bá wá ní 'ìyá nìkan ni ó ń tọ́ ọmọ', akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ojú ara rẹ̀ wo ẹyẹ ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní Àgbówó yóò gba òdo, ẹni tí ó há ìwé sórí yóò sì gba márùn-ún nínú márùn-ún. Èyí ni ó yẹ kí ó ká àwa olùdánwò lára jù.

Ní tiwa, ẹ̀gà ni à bá yàn. Àgbẹ̀ kò fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń jẹ ọkà, ó sì ń ya imọ̀ ọ̀pẹ títí ọ̀pẹ yóò fi wà ní ìhòòhò. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń gbé Ìbàdàn tí kò mọ ariwo rẹ̀? Akọ ni ó ń ya imọ̀ ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń hun ún. Bí ó bá hun ún tán, yóò rọ̀ mọ́ abẹ́ rẹ̀, yóò máa ju apá pe abo. Abo a wọlé yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ìtẹ́ náà bá pẹ́ tí abo kankan kò gbà á, akọ yóò tú u palẹ̀, yóò tún hun òmíràn. Bí ó bá wu abo, a kó ohun rírọ̀ sí i, a yé ẹyin méjì tàbí mẹ́ta, a sàba fún bí ọjọ́ 12. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, ọmọ a fò. Akọ kan sì lè ní ju abo kan lọ, èyí tí ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní béèrè àlàyé rẹ̀. Láti 1960 ni Elgood, tí ó kọ́ni ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní Ìbàdàn, ti tẹ ìwé jáde lórí àwọn ẹyẹ ìlú àti ọgbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà olùkọ́ kò lè ní òun kò rí ibi tí òun yóò kà á.

Ní 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò. Ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ni jálẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025 wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi máa kọ́ni. Ibi tí a bá ọ̀rọ̀ dé yìí, ó lè jẹ́ pé inú iṣẹ́ Yorùbá nìkan ni ọmọ Ring Road yóò ti máa gbọ́ 'sàba' àti 'dọ̀bu' nílé-ìwé. Sáà kẹta bọ́ sí ìgbà òjò, nígbà tí ẹ̀gà ń hun ìtẹ́. Kí olùkọ́ kó wọn lọ sábẹ́ ọ̀pẹ, kí ìbéèrè àròkọ sì jẹ́: 'Ṣe àpèjúwe bí ẹyẹ kan tí o ti fojú rí ṣe kọ́ ìtẹ́ rẹ̀ tí ó sì tọ́ ọmọ rẹ̀.' Olùdánwò tí yóò máàkì rẹ̀ yóò ní láti mọ ju ẹyẹ kan lọ.