‘Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì’: Ìwọ̀n Wo?

Kò sí ọ̀rọ̀ tí a ń ná tó ‘ìwọ̀ntúnwọ̀nsì’ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìlera, kò sì sí èyí tí kì í ra nǹkan kan bọ̀ bíi tirẹ̀. Ní ìpàdé àdúgbò ní Bárígà, ní ṣọ́ọ̀bù àwọn atẹ̀wé ní Ṣómólú, ní gáréèjì, bí ọ̀rọ̀ ọtí bá ti délẹ̀, ẹnìkan á ṣáà ní, “Ẹ máa mu ún níwọ̀ntúnwọ̀nsì.” Gbogbo ènìyàn á mi orí, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ìpolówó ọtí gan-an máa ń fi irú gbólóhùn yẹn kádìí. Ó yẹ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí a ti ń ṣe ní kíláàsì, torí ẹ̀mí wà nídìí rẹ̀.

Ẹ tú ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni a gbọ́ ‘wọ̀n’ nínú rẹ̀, ‘tún’ sì wà láàárín. Ẹni tó bá pè é ti sọ pé kí á wọn nǹkan, kí á tún un wọ̀n. Ìyá tó ń ta gàrí mọ èyí: kóńgò ti wà níwájú rẹ̀ kó tó dárúkọ owó. Àwa tí à ń gbani nímọ̀ràn kì í gbé kóńgò kankan jáde. Bí kò bá sì sí òṣùwọ̀n, ọ̀fun ara rẹ̀ ni kálukú á fi wọ̀n ọ́n. Lójú kọ̀ńdọ́ dánfó tó mu ọtí ọ̀rá méjì kó tó di aago mẹ́jọ àárọ̀, ìwọ̀nba náà nìyẹn. Ṣebí ó mọ ẹni tó ń mu márùn-ún.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ìgò bíà ńlá wa jẹ́ sẹ̀ntílítà 60. Bí agbára rẹ̀ bá jẹ́ ìdá 5 nínú 100, ọtí pọ́ńbélé inú rẹ̀ tó gíráàmù 24. Ọ̀rá ọtí líle tó jẹ́ mìlílítà 30, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 40, ní bíi gíráàmù 9 àbọ̀. Ọ̀rá méjì àbọ̀ ti bá ìgò ńlá kan dọ́gba nìyẹn! Ìmọ̀ràn òkèèrè tó bá sọ pé “ìgò kan” sábà máa ń ro ìgò sẹ̀ntílítà 33. Tiwa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì rẹ̀. Ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ sí “ìgò kan” lásán kò ṣi Yorùbá kọ, àmọ́ ó ti ṣi ènìyàn lọ́nà. Ti paraga tún le jù: ‘àgbo’ là ń pè é, orúkọ oògùn sì ti bo ọtí inú rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí NAFDAC fòfin de ọtí inú ọ̀rá àti ìgò tí kò tó mìlílítà 200 ní oṣù kejì 2024, àwọn kan ní ọmọdé lè fi í pamọ́ sápò, àwọn mìíràn ní iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ gidi ni méjèèjì. Èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ gidi ni “kí ẹ ṣáà kọ́ aráàlú ní ìwọ̀ntúnwọ̀nsì”, nígbà tí ẹni tó sọ ọ́ kò sọ iye.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń sọ ti iyọ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ti àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn bíi ṣíbí ìmutíì kan, ti inú búrẹ́dì àti Maggi sì wà nínú rẹ̀. Ìmọ̀ràn tó gbé kóńgò dání nìyẹn. Ní ti ọtí, àjọ yìí kan náà sọ ní 2023 pé kò sí ìwọ̀n kan tí a lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò lè pani lára. Bó bá ṣe kéré tó ni ewu rẹ̀ ń kéré tó. Ìwọ̀n eku sì nìwọ̀n ìtẹ́: aboyún àti ẹni tó fẹ́ wa ọkọ̀, kí wọ́n má tilẹ̀ fẹnu kàn án.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn, ẹ kọ́kọ́ béèrè: irú wo, mélòó, ta ló sì ń mu ún? Ẹ má pè é ní ọ̀mùtí, torí ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Bí ẹlòmíràn bá sì dìde nípàdé tó ní “níwọ̀ntúnwọ̀nsì”, ẹ fi ọ̀wọ̀ bi í pé: ìwọ̀n wo?