Fọ́tò àti ewì tó mú mi mọ Peckham

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: àwa tá à ń ra ẹ̀fọ́ ní Rye Lane, àwọn ọmọkùnrin tó wọ aṣọ onífìlà máa ń bà wá lẹ́rù. Caleb Femi, tí wọ́n bí ní Kánò, tó dàgbà ní ẹ̀sítéètì North Peckham, pa ewì pọ̀ mọ́ fọ́tò tó yà fúnra rẹ̀ nínú ìwé Poor (2020). Fọ́tò jẹ́ ká rí ojú wọn. Ewì sọ ohun tójú ń fi pa mọ́: ọ̀fọ̀, àwàdà, ìfẹ́ ilé tí wọ́n wó. Ìbá wù mí kí ohùn àwọn ìyá pọ̀ sí i. Síbẹ̀, mo kà á tán, mo kí ọmọ kan ní bọ́sítọ́ọ̀pù. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn.