Ẹ Kú Iṣẹ́, Ẹ̀yin Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Ṣe The Horn

Akẹ́kọ̀ọ́ 104 péré ni Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn fi bẹ̀rẹ̀ ní 1948. Lọ́dún 1958 ni J. P. Clark, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, dá ìwé ewì àtìgbàdégbà The Horn sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ inú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ń kí. Láyé ìgbà náà, bébà tí wọ́n fi ìda bò ni wọ́n máa ń tẹ ọ̀rọ̀ sí. Wọ́n á yọ rìbọ́nù ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kúrò lójú ọ̀nà, kí irin lẹ́tà lè gé ìda náà dáadáa. Ojú ibi tó gé yẹn ni íǹkì ń gbà bọ́ sórí bébà funfun. Bí ọwọ́ bá ṣi lẹ́tà kan tẹ̀, àfi kí wọ́n fi omi àtúnṣe kun ún, kó gbẹ, kí wọ́n tó tún un tẹ̀. Iṣẹ́ sùúrù gbáà ni! Bẹ́ẹ̀, ìwé kíkà ń dúró dè wọ́n.

Ewì Wọlé Ṣóyínká àti ti Christopher Okigbo jáde nínú The Horn. Nígbà tí Clark sì fi í sílẹ̀, Abíọ́lá Irele ló gba iṣẹ́ olóòtú ṣe.