Ààfáà Tí Kì Í Kírun

 

Ọmọdé kan ni ó bèèrè ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí. Ọmọ ilé wa ni, ní Ìwàrà níbí, kò sì tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀ àgbà ní ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n ń wo fíìmù Yorùbá. Ààfáà kan wà nínú fíìmù náà. Ó wé láwàní, ó kó tẹ̀sùbáà sọ́rùn bí ẹni tí ń kiri ìlẹ̀kẹ̀, ó ń tẹ yanrìn fún obìnrin kan tí ó fẹ́ kí ọkọ rẹ̀ lé ìyàwó kékeré jáde. Ọmọ náà wò ó títí, ó ní: "Màmá, ìgbà wo ni ààfáà yìí máa kírun?" Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín, ó ní fíìmù lásán ni. Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ilẹ̀ ti mọ́ ní ẹ̀ẹ̀mẹta nínú fíìmù náà, ó sì ti ṣú ní ẹ̀ẹ̀mẹta, bàbá yìí kò tíì ṣe àlùwàlá.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ojú ọmọ yìí wo fíìmù, mo sì rí i pé òótọ́ ni ó sọ. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo wò, kò sí ohun tí ààfáà kì í ṣe. Ó ń ta ọṣẹ, ó ń kọ tírà, ó ń fọ hàǹtú fún aláboyún, ó ń bá àlùjànnú sọ̀rọ̀, ó ń fẹ́ ìyàwó kẹrin lé ẹ̀kẹta. Ìrun nìkan ni kì í kí. Bí kámẹ́rà bá tilẹ̀ yà sí mọ́sálásí rárá, a jẹ́ pé ìsọmọlórúkọ, yìgì tàbí òkú ni ó gbé e débẹ̀. Ẹ má sì rò pé àwọn ààfáà ẹlẹ́tàn tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ nìkan ni mò ń bá wí. Ààfáà rere inú fíìmù, iṣẹ́ kan náà ni òun náà ń ṣe. Bí àjẹ́ bá ti de ènìyàn mọ́lẹ̀ ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè é. Yóò ṣe àdúà, èéfín yóò rú, àjẹ́ yóò ké, eré yóò parí, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń fi ògo fún Ọlọ́run yóò sì jáde lẹ́yìn wákàtí méjì tí a ti fi wo ẹ̀jẹ̀ àti èpè. Agbára ni wọ́n ń wá lọ́wọ́ rere àti búburú. Ìjọ́sìn kò sí níbẹ̀.

Kí á tó máa bá àwọn eléré jà, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá. Lóòótọ́, alárìnjó ti wà tipẹ́ láti ìdí egúngún, ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ti bí èyí tí ó di eré ìgbàlódé. Ní 1944, nígbà tí Hubert Ògúndé ṣì ń ṣe ọlọ́pàá, eré ọgbà Édẹ́nì ni ó kọ́kọ́ ṣe fún ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta. Ní Òṣogbo tiwa níhìn-ín, orin àjíǹde ni Dúró Ládiípọ̀ ṣe fún ṣọ́ọ̀ṣì ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960. Ó fi ìlù Yorùbá sí i, ọ̀rọ̀ di àríyànjiyàn, ó sì gbé iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ síta. Ní 1962 ni Mbárí Mbáyọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ní 1963 Ọba Kò So dé.

Kí ni mọ́sálásí bí ní tirẹ̀? Ó bí wéré tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí aláàwẹ̀ sí sààrì. Ó bí wákà tí àwọn ìyá wa ń kọ. Síkírù Àyìndé Barrister gbé wéré, ó sọ ọ́ di fújì. (Àwọn ààfáà tí kò fẹ́ràn fújì, ẹ fi èyí jì mí, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Etí ni mùsùlùmí Yorùbá ń ṣe ọnà fún, ojú ni ṣọ́ọ̀ṣì ń ṣe é fún. Nígbà tí kámẹ́rà wá dé, ojú ni ó ń wá. Ọlá Balógun ṣe Àjàní Ògún ní 1976, fíìmù sinimá àkọ́kọ́ ní èdè wa. Ògúndé tẹ̀ lé e pẹ̀lú Ayé àti Jáíyésinmi, níbi tí òun fúnra rẹ̀ ti jẹ́ Ọ̀ṣẹ́túrá tí ń bá àwọn àjẹ́ jìjàkadì. Láti ìgbà náà ni àwọn òǹwòran ti kọ́ pé bí ẹ̀sìn bá wọ inú fíìmù, ìjà ni ó wá jà. A pẹ́ dé ọjà, a wá bá ìsọ̀ tí wọ́n ti pàtẹ sílẹ̀. Wọ́n fi láwàní lé babaláwo Ògúndé lórí, wọ́n ní ààfáà ni.

Àwa ọmọ Ìjẹ̀ṣà kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí jìnnà sí wa, nítorí pé méjì nínú àwọn tí ó fi ọ̀nà han fíìmù Yorùbá, ọmọ Iléṣà ni wọ́n. Ọ̀kan fi ẹ̀rín ṣe tirẹ̀, èkejì fi ẹ̀rù.

Ẹlẹ́rìn-ín ni Moses Ọláìyá, Bàbá Sàlá, tí ó kú ní 2018. Nínú Ọ̀run Móoru tí ó gbé jáde ní 1982, Lamidi ni orúkọ rẹ̀. Ojúkòkòrò mú Lamidi, oníjìbìtì ní òun lè sọ owó rẹ̀ di púpọ̀, owó wọgbó, ó fẹ́ para rẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ ní ọ̀run. Abdul-Hamid ni Lamidi, orúkọ mùsùlùmí pọ́ńbélé, Kristẹni ni ó sì ń jẹ́ ẹ. Síbẹ̀ n kò gbọ́ pé àgbàlagbà kan bínú. Ojúkòkòrò ni ó fi ṣe yẹ̀yẹ́, gbogbo wa ni a sì mọ ojúkòkòrò, mùsùlùmí àti onígbàgbọ́. Àní nígbà tí àwọn olè da fíìmù náà sí orí kásẹ́ẹ̀tì fídíò kí ó tó jèrè rẹ̀, tí gbèsè bo ọ̀gá náà, mo rò pé àwọn tí ó ra kásẹ́ẹ̀tì olè náà, a rí ẹni tí ń lọ Jímọ̀ nínú wọn, a rí ẹni tí ń lọ ìsìn Sọ́ńdè. Ohun kan ṣoṣo ni mo lè bá Bàbá Sàlá wí. Orúkọ náà dà bí fìlà lásán. Lamidi kò ní mọ́sálásí, kò ní lémọ́ọ̀mù tí yóò bá sọ ìṣòro rẹ̀.

Ẹlẹ́rù ni Mike Bámilóyè. Ní 1985 ni ó dá ẹgbẹ́ eré Mount Zion sílẹ̀, Iléṣà ni wọ́n sì ti ṣe eré wọn àkọ́kọ́ ní 1986. Nígbà tí Agbára Ńlá jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kì í ṣe ọmọ ìjọ nìkan ni ó wò ó. Àwọn ọmọ ilé kéú wò ó, wọ́n yọ́ wò ó lójú fèrèsé, wọn kò sì lè dá lọ sí ẹ̀yìnkùlé ní alẹ́ mọ́. Ìsàwúrú, oníṣẹ́ ibi inú fíìmù náà, ni ó dá ìyẹn sílẹ̀.

Mo fẹ́ ṣe òdodo sí fíìmù yìí. Àwọn tí ó ṣe é mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ìránṣẹ́ Ọlọ́run inú rẹ̀ ń gbàdúrà, ìgbàgbọ́ ni ó sì ń darí ayé rẹ̀. Ohun tí àwọn fíìmù ààfáà kò ní nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ó wò ó nígbà náà, kí ó dárúkọ oníwàásù inú fíìmù náà fún yín. Ọ̀pọ̀ ni yóò máa họrí. Ẹ wá bi í ní orúkọ eléṣù, kò ní jẹ́ kí ẹ gbẹ́nu kúrò: Ìsàwúrú! Wọ́n ṣe fíìmù kan láti yin Ọlọ́run lógo, orúkọ oṣó ni ó kù sí ẹnu ọmọdé. Bí ẹ̀rù bá ti pọ̀ ju ìfẹ́ lọ nínú eré ẹ̀sìn, ibi tí ó máa ń já sí nìyẹn, yálà bíbélì ni akọni eré náà gbé lọ́wọ́ ni tàbí Àlùkùránì.

Àwọn kan nínú wa sọ pé kí wọ́n má fi ààfáà ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ rárá. N kò bá wọn lọ. Ẹni tí ó gba owó opó, tí ó fún un ní omi inú ìgò, tí ó ní kí ó má sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni a fẹ́ fi bò ó? Wọlé Ṣóyínká kọ eré Jero ní 1960, nípa wòlíì èké tí ń jẹun lórí aláìmọ̀kan ní etíkun Èkó, àwọn aládùúrà kò sì parẹ́ nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ṣóyínká mọ Jero dénú egungun. Ó mọ bí ó ṣe ń sọ̀rọ̀, ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, àti ọgbọ́n tí ó fi ń dá oníbàárà dúró. Èyí tí ó ń dùn mí nínú ààfáà inú fíìmù ni pé ẹni tí ó kọ ọ́ kò mọ̀ ọ́n. Òṣèré yóò la ẹnu, yóò máa wọ́ ọ̀rọ̀ kan tí kì í ṣe Lárúbáwá tí kì í ṣe Yorùbá, yóò fi "àmín" sí ìdí rẹ̀, àwọn ènìyàn yóò sì rẹ́rìn-ín. Ta ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ààfáà ẹlẹ́tàn ni, tàbí Fátíhà? Ohun tí ó tún burú ni pé a rí àwọn tí Kareem, Abdulateef àti Muyideen jẹ́ orúkọ wọn nídìí iṣẹ́ fíìmù Yorùbá. Ilé kéú kò ṣòro fún wọn láti rí. Ìṣẹ́jú márùn-ún lọ́dọ̀ mọ́dà kékeré kan tó láti tún àṣìṣe náà ṣe.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ọ̀dọ̀ wa. Ní 1979 àwọn aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣe Life of Brian, nípa ọkùnrin tí àwọn ènìyàn ṣì pè ní Mèsáyà. Ní 2004 Mel Gibson ṣe The Passion of the Christ, ó sì fi nínà àti ẹ̀jẹ̀ kún un débi pé ojú kò gbà á tán. Ànábì Ìsá, ànábì tiwa náà ni, a kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé àwọ̀ ànábì wọ̀. Ní tèmi, ẹ̀jẹ̀ inú èkejì bo ẹ̀kọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ ju ẹ̀rín inú àkọ́kọ́ lọ.

Fíìmù tí ó yẹ kí á jókòó tì ni èyí tí Moustapha Akkad, ọmọ Síríà, ṣe ní 1976 nípa ìbẹ̀rẹ̀ Ìsìláàmù, The Message. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, ní èdè Lárúbáwá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, pẹ̀lú òṣèré ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ìtàn Ànábì Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ni, síbẹ̀ ẹ kò rí Ànábì, ẹ kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Kámẹ́rà dúró sí ibi tí ó yẹ kí ó dúró, àwọn sàhábà kọjú sí wa, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Idà ẹlẹ́nu méjì nìkan ni a fi mọ̀ pé Áliyù wà níbẹ̀. Akkad fi ohun tí kò gbọdọ̀ fi hàn ṣe ọwọ̀n ilé rẹ̀. Ẹni tí ó ní kò sí bí a ṣe lè ṣe fíìmù ẹ̀sìn wa láì rú òfin rẹ̀, kí ó lọ wo ìyẹn.

Ìbínú wá bá fíìmù náà kí àwọn tí ń bínú tó rí i. Ní oṣù kẹta ọdún 1977, àwọn ọkùnrin méjìlá gbé ìbọn wọ ilé mẹ́ta ní Washington, wọ́n há ènìyàn tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún mọ́lé. Lára ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé kí wọ́n má ṣe fi fíìmù yìí hàn. Ènìyàn méjì kú. Ẹ̀sùn tí ń fò kiri nígbà náà ni pé Anthony Quinn ni ó ṣe Ànábì. Hámúsà ni ó ṣe. Akkad fúnra rẹ̀ kú ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, nípasẹ̀ bọ́ǹbù tí àwọn tí ń pe ara wọn ní mùsùlùmí jù sí hòtẹ́ẹ̀lì ní Amman, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí mo bá rántí ìyẹn, ọ̀rọ̀ a máa pèsè jẹ. Nítòsí wa, ìjọba Kano dá ìgbìmọ̀ aṣàyẹ̀wò fíìmù sílẹ̀ ní 2001, wọ́n tilẹ̀ ti iṣẹ́ fíìmù pa fún oṣù mélòó kan ní 2007. Àwọn òṣèré kó kámẹ́rà wọn lọ sí ibòmíràn, àwọn ènìyàn sì ń wò ó nìṣó.

Lẹ́yìn ìtúnu àwẹ̀ kan, àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ìwàrà ní àwọn fẹ́ fi fíìmù Akkad han àwọn ará. Ọ̀rọ̀ náà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ ní àsàlátù. Àwọn àgbà ní àwòrán kò gbọdọ̀ wọ mọ́sálásí, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti sọ bẹ́ẹ̀. A gbé e lọ sí àgbàlá ilé kéú, a ta aṣọ funfun mọ́ ògiri, ọ̀dọ́ kan ń fi Ìjẹ̀ṣà túmọ̀ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ bí ó ti ń lọ, nígbà mìíràn ìtumọ̀ rẹ̀ gùn ju ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré lọ. Ládàánì wa wá, ó jókòó lẹ́yìn pátápátá. Ó ní òun kàn wá wo ohun tí a fẹ́ fi bá àwọn ọmọ jẹ́ ni.

Ọmọ ilé Gáḿbíà àti Sẹ̀nẹ̀gà, Johnny Sekka, ọmọ adúláwọ̀ bí tiwa, ni ó ṣe Bílálì. A rí i lábẹ́ òkúta nínú oòrùn. A rí i lẹ́yìn náà ní Mẹ̀dínà, nígbà tí wọ́n kọ́ mọ́sálásí tán tí wọ́n ń rò bí wọn yóò ṣe máa pe ènìyàn sí ìrun, tí wọ́n wá rántí pé Bílálì ní ohùn. Ó gun òkè, ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì pè é. Kò sí èéfín, àjẹ́ kankan kò ké. Àwọn ènìyàn kàn ń dìde láti ibi iṣẹ́ wọn. Ọmọ tí ó bèèrè ìbéèrè lọ́jọ́sí wà níwájú, ó yíjú wo ìyá rẹ̀ àgbà.

Láti ẹ̀yìn ni a ti gbọ́ ohùn bàbá ládàánì. Ó ní: "Ẹ dá ibẹ̀ yẹn padà. N kò gbọ́ ìparí rẹ̀ dáadáa, jẹnẹrétọ̀ yín ń pariwo."