Ẹ Má Bo Orúkọ Olórin Mọ́lẹ̀

Àwo orin kéékèèké tó ń yí ní ìgbà 45 láàárín ìṣẹ́jú kan ni mò ń ṣà jọ. Orin soul tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà kọ ní àwọn ọdún 1960 ló pọ̀ jù nínú wọn. Orin kan kì í sábà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ, kò sí àyè fún ìfàkókòṣòfò: ìlù, gìtá àti fèrè á ti dé ìbàdí ẹni kí akọrin tó lanu. Ní Detroit àti Chicago, àìmọye ilé-iṣẹ́ kéékèèké ló ń tẹ irú àwo bẹ́ẹ̀, níwọ̀n tí agbára wọn mọ. Bí rédíò kò bá ti gbé e, ó parí náà nìyẹn. Inú páálí ni èyí tó kù ń sùn.

Àwọn ọ̀dọ́ àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló jí wọn dìde. Ní ilé ijó Twisted Wheel ní Manchester, àti lẹ́yìn náà ní Wigan Casino láàárín ọdún 1973 sí 1981, àwo tí ọjà rẹ̀ kò tà yìí gan-an ni wọ́n ń jó sí. Wọn kì í ta ọtí lóru ijó ní Wigan; àwọn oníjó a da pàùdà sílẹ̀ kí bàtà wọn lè máa yọ̀, wọn a sì jó mọ́jú. DJ tó bá ní orin tí ẹlòmíràn kò ní, òun lọba òru náà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lẹ bébà bo ojú àwo, tí wọ́n á fún olórin lórúkọ èké, bí oníṣègùn tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ewé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sí Frank Wilson. Ọdún 1965 ló kọ “Do I Love You (Indeed I Do)” fún ilé-iṣẹ́ Motown; àwo náà kò tíì dé ọjà tí wọ́n fi dá a dúró, wọ́n sì ba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́. Eddie Foster ni wọ́n pè é ní Wigan. Ní 2009, ẹnìkan san ju £25,000 lọ lórí ẹyọ kan nínú ìwọ̀nba tó ṣẹ́ kù.

Irú owó bẹ́ẹ̀ ló ń bí ayédèrú, nítorí náà tí mo bá fẹ́ ra àwo, ibi dídán tó wà láàárín òpin orin àti lébẹ̀lì ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Nọ́ńbà tí wọ́n fín sára àwo wà níbẹ̀, ibẹ̀ ni àṣírí ayédèrú sì ti sábà máa ń tú. Lẹ́yìn náà ni mo gbé e síbi ìmọ́lẹ̀. Àpá tí èékánná bá kọ́, abẹ́rẹ́ lè fò níbẹ̀. Èyí tó bá fẹ́ẹ́rẹ́ kò ju kó máa dún pàrà-pàrà díẹ̀ lọ. Mi ò kórìíra rẹ̀ rárá. Àwo tí kò ní àpá kankan lára, bóyá ni ẹnikẹ́ni tíì jó sí i.

Mo mọyì òógùn àwọn DJ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n mi ò lè bo àwo láéláé. Ẹni tí wọ́n gbàgbé fún ọdún pípẹ́, ṣé ọjọ́ tí ayé wá rí i ni ká fi orúkọ ẹlòmíràn pè é? Ẹ wo olórin tiwa ní Nàìjíríà, Orlando Julius. Ní 1966, òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Modern Aces, gbé àwo Super Afro Soul jáde. “Ijó Soul” wà nínú rẹ̀, “My Girl” ti ẹgbẹ́ Temptations náà wà níbẹ̀ ní ohùn tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, wọ́n tún àwo náà tẹ̀ ní òkè òkun. Nígbà tó di 2014, tí bàbá ti lé ní àádọ́rin ọdún, òun àti ẹgbẹ́ Heliocentrics ti London ṣe àwo Jaiyede Afro. Bí wọ́n bá ti bo orúkọ rẹ̀ ni, ta ni ì bá mọ ibi tí yóò wá a lọ?

Tí mo bá ń fi àwo sórí ẹ̀rọ níbi àríyá, mo máa ń pe orúkọ olórin, ilé-iṣẹ́ àti ìlú tó ti wá. Ẹni tó bá sáré wá bèèrè, mo máa ń gbé àwo náà fún un kó ka lébẹ̀lì fúnra rẹ̀. Tó bá lọ rí tirẹ̀ rà, a jẹ́ pé ibi méjì ni wọn yóò ti jó sí orin náà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.