Oríkì Orílẹ̀ nínú Sónẹ́ẹ̀tì Henry Howard

Ní ọdún 1557 ni Richard Tottel, atẹ̀wé kan ní Lọ́ńdọ̀nù, gbé àkójọpọ̀ ewì kan jáde tí ó pè ní Songes and Sonettes. Orúkọ Henry Howard, Ẹ́ẹ̀lì ti Surrey, nìkan ni ó fi sójú ewé àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ewì Thomas Wyatt inú ìwé náà ju ti Howard lọ. Orúkọ ọlọ́lá a máa tajà. Howard fúnra rẹ̀ ti kú. Wọ́n ti bẹ́ ẹ lórí ní 1547 lórí ẹ̀sùn ọ̀tẹ̀ sí Ọba Henry Kẹjọ.

Ìwé náà fún àwọn ewì ní àkọlé tí kì í ṣe ti akéwì, ‘olólùfẹ́’ ni ó sì kún inú wọn. Sónẹ́ẹ̀tì tí ó dárúkọ Geraldine wà lára àwọn tí èyí ṣe lọ́ṣẹ́ jù lọ. Àkọlé rẹ̀ sọ ọmọbìnrin náà di àyànfẹ́ akéwì. Nígbà tí ó fi di 1594, Thomas Nashe ti hun ìtàn àròsọ níbi tí Howard ti lọ jà ní Florence nítorí ẹwà rẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa náà a máa ti orí àkọlé bẹ̀rẹ̀ àtúpalẹ̀.

Kí ni ewì náà wí? Ó tọ́ka sí Tuscany gẹ́gẹ́ bí orírun ìdílé ọmọ náà, ó sọ pé Ireland ni a ti fún un lọ́mú, pé ẹ́ẹ̀lì ni bàbá rẹ̀, pé ẹ̀jẹ̀ ọba ń bẹ lára ìyá rẹ̀. Ta ni nínú wa tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí oríkì orílẹ̀? Lóòótọ́, èdè ìfẹ́ bí ti Petrarch wà ní ìparí rẹ̀, ṣùgbọ́n àṣà akéwì ìgbà náà nìyẹn, ọmọdé sì ni Elizabeth Fitzgerald tí à ń wí yìí. (Lójú tèmi, ewì tí Howard kọ nígbà tí a há a mọ́ Windsor dùn ju èyí lọ.)

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Bàbá ọmọ náà, Ẹ́ẹ̀lì ti Kildare, kú ní àtìmọ́lé ní 1534. Ní 1537, wọ́n pa ọbàkan rẹ̀ ọkùnrin àti arákùnrin bàbá rẹ̀ márùn-ún fún ọ̀tẹ̀. Kíki irú ìdílé bẹ́ẹ̀ láàfin Henry kì í ṣe eré ìfẹ́ lásán. Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ìran ni wọ́n fi mú Howard náà: ó fi àmì ìdílé Ọba Edward the Confessor kún ti ara rẹ̀, wọ́n ní ó ń wá adé.