Àwọn Ògbufọ̀ Abẹ́ Géèmù

Ẹni tó bá ṣí Elden Ring lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux lónìí kò ní rí nǹkan àràmàǹdà kan. Yóò tẹ àmì géèmù náà, yóò ṣe sùúrù díẹ̀, orin yóò bẹ̀rẹ̀, igi wúrà gàgàrà yẹn yóò máa tàn yanran lókèèrè, akọni tirẹ̀ yóò sì kó sínú pápá tòun tidà lọ́wọ́. Bó ṣe rí lórí Windows náà nìyẹn. Ibẹ̀ gan-an sì ni iṣẹ́ ìyanu wà, nítorí àwọn FromSoftware tó ṣe géèmù yìí ní Jàpáánì kò kọ ọ́ fún Linux rárá. Nínú gbogbo ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, Windows nìkan ni wọ́n kọ ọ́ fún. Ohunkóhun tó bá fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ àwòrán, ì báà jẹ́ ohùn, ì báà jẹ́ fáìlì tó fẹ́ ṣí, èdè Windows ló fi ń tọrọ rẹ̀. Síbẹ̀ Linux ń gbọ́, ó sì ń dá a lóhùn lemọ́lemọ́ láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Mo ti rí iṣẹ́ ọpọlọ púpọ̀ nídìí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló wú mi lórí tó eléyìí. Àwọn tó ṣe é pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbádùn rẹ̀ ni kò sì mọ orúkọ wọn. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fara balẹ̀ ṣàpèjúwe rẹ̀.

Kì í ṣe ilé iṣẹ́ kan ló ni Linux. Linus Torvalds, nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ó gbé kóòdù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé: ẹni tó bá fẹ́ kà á kó kà á, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n tún ṣe kó tún un ṣe, ẹni tó bá fẹ́ pín in kó pín in. Lónìí òun ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú íntánẹ́ẹ̀tì ró, òun náà ló sì wà nísàlẹ̀ Android inú fóònù ọ̀pọ̀ nínú wa. Orí tábìlì nínú ilé ni nǹkan ti ṣòro fún un, àìsí géèmù sì wà lára ohun tó fà á.

Kì í ṣe pé wọn kò gbìyànjú. Ní 1994, Dave Taylor, òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ id Software, gbé géèmù Doom wá sórí Linux nítorí pé òun fúnra rẹ̀ fẹ́ràn Linux. Ní 1998, Scott Draeker dá Loki Software sílẹ̀ ní California. Iṣẹ́ tí Loki yàn láàyò ni pé kí wọ́n gba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni géèmù tó lókìkí, kí wọ́n sì tún un kọ fún Linux. Báyìí ni Civilization: Call to Power àti Quake III Arena ṣe dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo Linux. Iṣẹ́ náà gún régé, àmọ́ ọjà kò tà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2002, Loki kógbá wọlé. Lára ohun tó ṣẹ́ kù nínú làálàá ìgbà yẹn ni SDL, àkójọ kóòdù tí Sam Lantinga kọ kí géèmù lè máa lo kíbọ́ọ̀dù, máòsì, ohùn àti ojú kọ̀ǹpútà lọ́nà kan náà lórí ẹ̀rọ yòówù. SDL ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ géèmù títí dòní, kódà nínú èyí tí kò kan Linux rárá.

Ohun tó pa Loki kò fara sin. Oníṣòwò géèmù kò ní kọ ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí oníbàárà tí kò tó nǹkan, oníbàárà kò sì ní pọ̀ níbi tí géèmù kò bá sí. Kò sí ẹ̀bẹ̀ tó lè tú irú okùn bẹ́ẹ̀. Àfi kí Linux fúnra rẹ̀ kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè Windows.

Àwọn kan ti ń bá iṣẹ́ yẹn bọ̀ láti 1993, kí Loki tó dáyé. Bob Amstadt àti Eric Youngdale ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n pè é ní Wine. Ní 1994 Alexandre Julliard gba ìdarí rẹ̀, kò sì gbé e sílẹ̀ láti ìgbà náà. Ohun tí Wine ń ṣe nìyí. Géèmù kì í fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí fáìlì tàbí kó ya fèrèsé sójú kọ̀ǹpútà. Windows ló máa ń ké sí: ṣí fáìlì yìí fún mi, fún mi láyè nínú mẹ́mórì, ta mí lólobó bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì. Irú ìpè bẹ́ẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní orúkọ tó ń jẹ́. Àwọn oníṣẹ́ Wine jókòó, wọ́n ń kọ èsì àwọn ìpè wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ń fún un ní orúkọ tí géèmù ti mọ̀ ọ́n sí. Ògbufọ̀ tó dúró láàrin àlejò àti baálẹ̀ ni Wine: àlejò sọ tirẹ̀, ògbufọ̀ yí i sí èdè ìlú, baálẹ̀ fèsì, èsì náà sì padà sétí àlejò ní èdè abínibí rẹ̀. Ìpè wọ̀nyí nìkan ló sì ń gba ọwọ́ ògbufọ̀ kọjá. Ìṣirò tí géèmù ń dá ṣe nínú ara rẹ̀, tààrà ló ń lọ sí ọpọlọ kọ̀ǹpútà láìsí ẹni tó dá sí i. Ìdí nìyẹn tí géèmù kì í fi í wọ́ bí èèyàn ṣe lè rò.

Ìlànà kan wà nídìí Wine tí mo bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Wọn kì í yọjú wo kóòdù Microsoft. Ètò kéékèèké ni wọ́n máa ń kọ láti fi bi Windows léèrè: bí mo bá ké sí ọ báyìí, kí lo máa sọ? Bí mo bá gbé ìbéèrè tí kò mọ́gbọ́n dání kalẹ̀ ńkọ́? Wọ́n á ṣàkọsílẹ̀ ohun tó bá sọ, wọ́n á wá kọ Wine kó lè sọ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Níbi tí Windows bá ti ṣe àṣìṣe, ó di dandan kí Wine náà ṣe é, torí géèmù kan lè wà níbìkan tó ti gbára lé àṣìṣe yẹn. Oṣù Okúdù 2008 ni wọ́n tó gbà pé Wine ti tó ohun tí a lè pè ní 1.0. Ọdún 15 ti kọjá nígbà yẹn. Mi ò mọ ibi tí àwọn tí kò retí òkìkí tàbí owó ńlá ti ń rí irú ìfaradà bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i, kó ṣí fódà tí Wine dá sílẹ̀ fún géèmù kan ṣoṣo. Yóò bá fódà mìíràn nínú rẹ̀ tó ń jẹ́ drive_c. Kó ṣí ìyẹn náà: Program Files rèé, users rèé, windows rèé. Nínú windows, system32 wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn fáìlì tí orúkọ wọn parí sí .dll, bó ṣe yẹ kó rí. Kò sí Windows lórí kọ̀ǹpútà náà o, àmọ́ géèmù kò mọ̀. Abẹ́ users ló ń kó ìpamọ́ eré rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ drive_c ni dosdevices wà, tí ìtọ́ka kéékèèké wà nínú rẹ̀: c: ń tọ́ka sí drive_c, z: sì ń tọ́ka sí gbòǹgbò kọ̀ǹpútà Linux gan-an. Linux ka lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú orúkọ fáìlì, Windows kò kà á sí. Wine ló ń yanjú ìyẹn láàrin wọn láìdákẹ́. Lórí Steam, ọjà géèmù orí kọ̀ǹpútà, géèmù kọ̀ọ̀kan ló ní fódà tirẹ̀. Bí ti ọ̀kan bá bàjẹ́, èèyàn lè pa á rẹ́ kó sì tún ara rẹ̀ dá, àwọn yòókù kò ní gbúròó. Ó máa ń dùn mọ́ mi láti jókòó ti irú fódà yìí. Ó mọ́, ó wà létòlétò, kò sì sí ohun tó fi pamọ́ fún ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Àwòrán ló wá le jù. Direct3D ni géèmù Windows fi ń bá káàdì àwòrán sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, OpenGL ni Wine ń yí i sí, ìlànà àwọn méjèèjì kò sì bára mu. Géèmù tuntun á máa falẹ̀, òjìji á sọnù, ilẹ̀ á dúdú níbi tó yẹ kí koríko wà. Ní 2016 ni ẹgbẹ́ Khronos gbé Vulkan jáde, ìlànà àwòrán tó sún mọ́ káàdì fúnra rẹ̀ dáadáa. Lẹ́yìn ìyẹn ni Philip Rebohle, tó ń fẹ́ fi géèmù NieR: Automata ṣeré lórí Linux, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ DXVK, èyí tó ń yí Direct3D 11 sí Vulkan. Nítorí géèmù kan ló ṣe bẹ̀rẹ̀. Ohun tó kọ ṣílẹ̀kùn fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún.

Àwọn Valve, tó ni ọjà Steam yẹn, rí i, wọ́n sì gbà á síṣẹ́. Láti 2012 ni Gabe Newell, olórí wọn, ti ń kọminú sí Windows 8, ẹ̀rù ń bà á pé Microsoft lè ti ọjà náà pa mọ́ra. Steam dé orí Linux ní oṣù Èrèlé 2013. Steam Machines, kọ̀ǹpútà géèmù tó ń lo Linux, tẹ̀ lé e ní 2015, kò sì rọ́wọ́ mú, torí géèmù tí wọ́n kọ fún Linux ṣì kéré. Ní oṣù Ògún 2018 ni wọ́n gbé Proton jáde: Wine, DXVK àti ọ̀pọ̀ àtúnṣe tí àwọn àti ilé iṣẹ́ CodeWeavers jọ ṣe, wọ́n dì wọ́n pọ̀ sínú Steam. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó fẹ́ ṣe géèmù kò ní láti mọ ohunkóhun nípa ògbufọ̀ mọ́. Yóò tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Owó ń bẹ níbẹ̀ fún Valve, ìyẹn kò ṣeé sẹ́. Àmọ́ kóòdù Proton wà ní gbangba, ẹni tí kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ wọn náà ń jàǹfààní rẹ̀.

Òpin oṣù Èrèlé 2022 ni Elden Ring jáde, àsìkò náà ni Valve sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta Steam Deck, ẹ̀rọ géèmù alágbèéká tó jẹ́ pé Linux ló wà nínú rẹ̀. Lórí Windows, àwọn èèyàn ń ráhùn pé eré náà máa ń há lójijì, a sì tún máa tẹ̀ síwájú. Àwọn ẹnjiníà Valve wò ó láti inú VKD3D-Proton, tó ń ṣe ògbufọ̀ fún Direct3D 12, wọ́n sì rí i pé ó níbi tí géèmù náà ti máa ń tọrọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún nǹkan kéékèèké lẹ́ẹ̀kan náà, tí apá tó ń pín mẹ́mórì á sì kó sí wàhálà. Wọ́n tún ìpín náà ṣe, kí ohun tí wọ́n ti pín tẹ́lẹ̀ lè wà nílẹ̀ fún lílò lẹ́ẹ̀kan sí i. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nítorí pé gbogbo Deck ló ní káàdì àwòrán kan náà, Valve lè túmọ̀ àwọn àṣẹ àwòrán sílẹ̀, kí wọ́n fi í ránṣẹ́ kí ẹni tó ni ẹ̀rọ tó ṣí géèmù. Kò pẹ́ tí àwọn tó ń yẹ géèmù wò fi ròyìn pé híhá náà dín kù lórí Deck ju ti Windows lọ. Èdè tí kì í ṣe ti géèmù ló wá ń sọ ọ́ já gaara ju tirẹ̀ lọ. Èyí kò lè ṣẹlẹ̀ bí kóòdù bá wà nínú àpótí tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ibì kan wà tí ọ̀rọ̀ kò tíì já geere. Géèmù tí èèyàn ti ń bá ara wọn figagbága lórí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń ní ẹ̀ṣọ́ tó ń mú oníjìbìtì. Ẹ̀ṣọ́ Valorant máa ń wọ inú Windows lọ lọ́hùn-ún, níbi tí Wine kò lè tẹ̀ lé e dé. Láti 2021 ni ẹ̀ṣọ́ mìíràn, Easy Anti-Cheat, ti lè bá Proton ṣiṣẹ́ bí àwọn tó ni géèmù bá fọwọ́ sí i. Fortnite kò fọwọ́ sí i. Apex Legends gbà á láyè, ó sì fà á sẹ́yìn ní 2024, wọ́n ní oníjìbìtì ń gba ibẹ̀ wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé irú géèmù yìí ló ń ṣe lójoojúmọ́, Windows ló yẹ ẹ́.

Linux náà ní géèmù tirẹ̀ tí kò nílò ògbufọ̀, tí kóòdù wọn wà ní gbangba bíi ti Linux fúnra rẹ̀. SuperTuxKart wà, eré ìje ọkọ̀ kéékèèké tí Tux ń wà, ìyẹn ẹyẹ pẹ́ńgúìnì tí Larry Ewing yà ní 1996 tó di àmì Linux. Battle for Wesnoth wà, tí David White bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ogun tí èèyàn ń fara balẹ̀ jà ní ìpele-ìpele. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni 0 A.D. ti ẹgbẹ́ Wildfire Games, níbi tí ẹni tó ń ṣeré ti lè yan àwọn ará Kush, ìjọba dúdú etí odò Náílì, kó kọ́ píramídì ṣóńṣó wọn, kó sì kó àwọn tafàtafà wọn jáde lọ dojú kọ ọmọ ogun Róòmù. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn. Elden Ring ń fẹ́ àyè gígábáìtì 60. SuperTuxKart kò tó gígábáìtì kan. Nílẹ̀ Yorùbá, níbi tí a ti ń ra dátà díẹ̀díẹ̀, tí kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ Ìkẹjà sì pọ̀ nílé, ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré. Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà 2025, púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà àtijọ́ ni kò sì lè gba Windows 11. Linux ṣì lè máa ṣiṣẹ́ lórí wọn láìsí ìnira.

Àwọn oníṣẹ́ Wine kò tíì jókòó. Nínú géèmù òde òní, iṣẹ́ púpọ̀ ló ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ń bójú tó ohùn, ọ̀kan ń ya àwòrán, ọ̀kan ń ronú fún àwọn ọ̀tá, wọ́n sì ní láti máa dúró de ara wọn. Windows ní ọ̀nà tirẹ̀ tó ń gbà ṣètò ìdúró yìí, Linux kò ní irú rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ètò kan tó ń jẹ́ wineserver ni gbogbo wọn ń sáré lọ bá kí wọ́n tó mọ ìgbà tó kàn wọ́n, ìsáré yẹn sì ń jẹ àkókò. Elizabeth Figura ti CodeWeavers ló kọ ntsync láti yanjú rẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbà á wọlé, torí wọn kì í dédé fi nǹkan kún ọkàn Linux. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2025, Linux 6.14 jáde pẹ̀lú ntsync tó péye nínú rẹ̀. Ní ti ìdúró yìí, Linux fúnra rẹ̀ ti ń gbọ́ ohun tí géèmù Windows ń sọ, wineserver kò sì ní láti dá sí i mọ́.